Ojú Ọ̀gá Lára Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ ṣubú, kó jókòó. Kò ní pẹ́. Ìtàn Ọ̀gá Pátápátá ni, olórí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí.

Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀gá Pátápátá o. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un! Ọ́fíìsì náà ò ju yàrá mẹ́ta lọ: ọ̀kan fún àwọn tó wá gbàwé, ọ̀kan fún àwọn òṣìṣẹ́ márùn-ún, ẹ̀kẹta, tó tóbi ju méjèèjì pọ̀ lọ, fún òun nìkan. Tó bá fẹ́ jáde níbẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ á kọ́kọ́ yọrí, á pariwo pé, "Ẹ dìde o, wọ́n ń bọ̀!" Gbogbo ilé á dìde. Ìgbà mìíràn, ilé ìtọ̀ ló ń lọ. Tó bá tọ̀ tán, wọ́n á tún dìde fún un bó ṣe ń padà bọ̀.

Akọ̀wé yìí, Bẹ́ẹ̀ni-Sà làwọn èèyàn ń pè é. Bí ọ̀gá bá ní òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn ganrínganrín, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ti máa ká ṣòkòtò sókè.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ládùúgbò. Àwọn ìwé ńláńlá tí wọ́n fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ní kété tí wọ́n dà wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ tán ni Ọ̀gá Pátápátá ní kí wọ́n kó wọn dànù. Ó ní ayé eruku ti kọjá. Ó wá ní kí wọ́n ya àwòrán ojú òun, kó tó àwo ìjẹun, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ní ojú ibi tí ìdérí ti pàdé ara rẹ̀ gan-an. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá jókòó tì í mọ̀ pé òun ń wò ó. Ó sì lẹ òfin mọ́ ògiri: "Ẹnikẹ́ni tó bá ya ojú ọ̀gá, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Sìtábíláísà kan wà nídìí kọ̀ǹpútà náà nígbà kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kápá iná tó bá ya wèrè. Ọ̀gá Pátápátá ní kí wọ́n gbé e lọ sídìí fìríìjì òun. Omi tútù ọ̀gá kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, iná lọ, ó dé, ó lọ, ó tún padà dé tagbáratagbára débi pé gbogbo gílóòbù funfun báláú. Méjì bẹ́. Kọ̀ǹpútà dún "pááù!", èéfín tín-ín-rín gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ sì ṣú. Fìríìjì ọ̀gá ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá. Omi inú rẹ̀ tutù nini.

Ìyá Télọ̀ ló kàn lórí ìlà. Obìnrin aránṣọ kan ni, ó ti dúró síbẹ̀ láti aago méje. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti yege ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo ìwé ọmọ náà ló sì ti pé àyàfi ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ilé-ẹ̀kọ́ máa dáwọ́ ìwé gbígbà dúró. Ọmọ tí tirẹ̀ ò bá pé, wọ́n á gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Lẹ́tà tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀, ó ti ń ya lójú ìkápò nítorí àkàtúnkà.

"Ṣé ó ti kú ni?" ló bi àwọn òṣìṣẹ́.

Igbákejì ọ̀gá, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé fóònù. Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí Àǹtí Sukudiráfà fi dé, ìyẹn obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkòríta. Ó yọ okùn iná kúrò lára ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná.

"Àpótí iná rẹ̀ ló jóná," ló wí.

"Èwo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ìyá Télọ̀ ti na ọrùn wọlé.

"Àpótí kékeré kan tó wà nínú rẹ̀ ni, màmá. Òun ló ń gba iná lára ògiri, tó ń bù ú níwọ̀nba fún àwọn yòókù. Iná àárọ̀ yìí pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ó ṣáájú kú kí àwọn yòókù má baà kú ni. Ibi tí orúkọ àwọn ọmọ wà, mo rò pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣebí sìkúrù mẹ́rin ni. Màá yọ ọ́, màá fi tuntun sí i. Ogún ìṣẹ́jú."

"Ogún ìṣẹ́jú! Ọlọ́run á bù kún ọ. Ó yá, ṣí i."

Àǹtí Sukudiráfà gbé irinṣẹ́ sókè, ó wá rí àwòrán náà.

"Ta ló lẹ bàbá arúgbó yìí mọ́ ibi tí mo fẹ́ ṣí?"

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́," ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Bàbá yẹn ń bọ̀."

"Ẹ dìde o!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà ké. Ọ̀gá Pátápátá jáde, ikùn ló kọ́kọ́ dé, òun tẹ̀lé e.

"Ta ló pa kọ̀ǹpútà mi?"

"Iná ni, sà," Bẹ́ẹ̀ni-Sà dáhùn.

"Iná wo? Ta ló fún un láṣẹ kó wọ ọ́fíìsì mi?"

"Kò gbàṣẹ, sà. Ó kàn já wọlé ni, sà."

"Ẹ kọ̀wé sí i! Kó wá sọ ìdí tí n kò fi ní fi ìyà jẹ ẹ́. Kó fèsì láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún!"

"Bẹ́ẹ̀ni, sà. Ẹ̀dà mélòó, sà?"

"Mẹ́ta."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú pẹ̀lú. Iná ò sì tíì fèsì títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Àǹtí Sukudiráfà yíkàá díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Mo fẹ́ gé bébà yìí láàárín ni, kí n lè rí i ṣí."

"Gé kí ni?"

"Bébà yìí, sà."

"Ìyẹn kì í ṣe bébà. Ojú mi ni."

"Ojú yín náà, sà. Ibi imú ni màá gbà."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà di ògiri mú kó má baà ṣubú. Ọ̀gá Pátápátá mí sínú, ó mí síta, ó wá gbé ohùn tó máa ń lò níbi àpèjẹ wọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ abẹ́ mi! Wọ́n lè gé igi, wọ́n lè gé aṣọ. Ṣùgbọ́n ta ló bí i dáadáa tó máa gé imú ìjọba? Mo gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lónìí. Orúkọ rẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ Tí Yóò Ṣí Kọ̀ǹpútà Láìya Ojú Ọ̀gá. Ẹni méje ni kó wà níbẹ̀."

Òṣìṣẹ́ márùn-ún péré ló ní. Wọ́n yọ igbákejì kúrò nítorí pé ó béèrè bóyá ojú ọ̀gá ló ṣe pàtàkì jù tàbí iṣẹ́. Wọ́n wá fi olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń gé koríko, àti àbúrò ẹni tó ń gé koríko dí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n fi gbogbo àárọ̀ yan alága. Lọ́sàn-án, wọ́n gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná sẹ́bàá àwòrán náà, kí ooru lè tú u. Kò tú. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wú lára àwòrán náà, ojú kan sì di bíńtín. Wọ́n sáré gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, wọ́n kọ̀wé sí ọ̀gá pé: "Ìgbìmọ̀ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún yín ti ga sí i, sà, ṣùgbọ́n iyì yín kò yingin."

Ìyá Télọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú, ó tún wà níbẹ̀. Nígbà tí aago lu mẹ́wàá, kò dúró de ẹni tó máa pe òun. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Bẹ́ẹ̀ni-Sà kọjá, ó wọ yàrá ńlá, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ọ̀la àti àárọ̀ ọ̀túnla ló kù fún ọmọ mi. Ọdún méjì ló fi kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Tí wọ́n bá gba àyè yìí lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un."

"Sọ fún un pé ìgbìmọ̀ ń ṣiṣẹ́," Ọ̀gá Pátápátá wí, ó sì bu omi tútù mu.

Ìyá Télọ̀ dìde. Ó gbọn eékún rẹ̀ nù. "Ṣé pé ẹ ò fẹ́ kí ojú yín ya, àbí?"

"Kò gbọdọ̀ ya."

"Ogún ọdún ni mo ti ń tú ojú rírán láìya aṣọ, bàbá. Ẹ fún mi láyè."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó mú abẹ pẹlẹbẹ tó fi ń tú òwú jáde nínú báàgì, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ki abẹ bọ abẹ́ etí àwòrán náà. Ó ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, gbogbo ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje sì ń wò ó bí ẹni ń wo iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn. Nígbà tó ṣe, ìdajì ojú ọ̀gá ti ṣí kúrò lára irin, ó sì ṣẹ́ sẹ́yìn bíi kọ́là ẹ̀wù. Kò ya rárá.

Kí Bẹ́ẹ̀ni-Sà tó rántí ohun tó yẹ kó sọ, Àǹtí Sukudiráfà, tó ti ń dúró níbẹ̀ láti àárọ̀, ti tú ìdérí. Ó fọwọ́ kan irin kí iná tó bá kù lára òun lè kúrò, ó yọ okùn ńlá àti okùn wẹ́wẹ́, ó tú sìkúrù mẹ́rin ẹ̀yìn, ó fa àpótí iná náà jáde. Ó dúdú nínú, ó ń rùn bíi rọ́bà tó jó. Ó mú tuntun, ó tẹ kílíìpù ìwé kan bíi ìwọ̀ ẹja, ó fi so ojú okùn rẹ̀ méjì pọ̀, ó fún un níná láti dán an wò. Fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìrì.

"Ó yè," ló wí. Ó kó gbogbo rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí bọ́tìnnì iwájú.

"Dúró níbẹ̀!" Ọ̀gá Pátápátá ti yọ, pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Olùbẹ̀wò Àgbà láti olú iléeṣẹ́ ló kọ̀wé pé òun ń bọ̀ lọ́la. "Kọ̀ǹpútà yìí kò gbọdọ̀ tàn kí ọwọ́ mi tó kàn án. Lọ́la ni màá jí i dìde, níwájú Olùbẹ̀wò Àgbà!"

"Ẹ bá mi tẹ tọmọ mi jáde ná, bàbá," Ìyá Télọ̀ bẹ̀ ẹ́. "Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún jí i lọ́la."

"Òkú tí wọ́n ti jí lẹ́ẹ̀kan, ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì?"

Ìyá Télọ̀ padà sílé. Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ sórí iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ kọ̀ǹpútà náà bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó, wọ́n sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí èrò nítorí pé ìdajì ojú ọ̀gá ṣì ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olùbẹ̀wò Àgbà dé ní aago mẹ́sàn-án, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ó jókòó. Ọ̀gá Pátápátá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Mà, nígbà tí iná gbógun dé, ta ló dúró? Èmi ni! Nígbà tí òkùnkùn bo ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí, ta ni kò sùn? Èmi náà ni!"

"Ẹ̀yin ni, sà!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń gbè é.

Ó sọ ọ́ fún wákàtí kan gbáko. Olùṣọ́ sùn, ó jí, ó tún sùn. Níkẹyìn ó gé rìbọ́ọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tan ẹ̀rọ. Àǹtí Sukudiráfà ti sọ fún un pé bọ́tìnnì iwájú ni kó tẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọjú sí i, níbi tí nǹkan pupa kékeré kan wà lára àpótí iná, tí wọ́n kọ igba ó lé ọgbọ̀n sí. Bọ́tìnnì iwájú dúdú. Èyí pupa. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, èwo ló yẹ ọ̀gá?

Ó fi ìdí bírò tì í sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn, sà!" Àǹtí Sukudiráfà ké láti ẹ̀yìn.

"Dákẹ́ jàre! Ọ̀gá ń ṣiṣẹ́," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, ó sì tan iná ara ògiri.

GBÀÙÙÙ!

Nígbà tí èéfín ká kúrò, Ọ̀gá Pátápátá wà lábẹ́ tábìlì, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì wà lábẹ́ Ọ̀gá Pátápátá. Olùbẹ̀wò Àgbà ò mira.

"Kí nìyẹn?"

"Ó ń kí yín káàbọ̀ ni, mà," ohùn kan dáhùn lábẹ́ tábìlì.

Àǹtí Sukudiráfà ṣàlàyé. "Nǹkan pupa yẹn ló ń sọ fún àpótí náà bí iná ilé ṣe lágbára tó, mà. Igba ó lé ọgbọ̀n ni tiwa. Ọ̀gá tì í sí ìdajì rẹ̀. Àpótí náà rò pé iná kékeré ló ń bọ̀, ló bá la ẹnu sílẹ̀ gbayawu, iná ńlá wá já wọ̀ ọ́ lẹ́nu."

"Ó ṣe é tún ṣe?"

"Ó ṣe é ṣe, mà. Àpótí nìkan náà ló máa ti kú. Mo ní òmíì ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí kò ní pupa kankan lára."

"Lọ mú un wá. Sìtábíláísà rẹ̀ dà?"

Igbákejì kàn na ìka sí yàrá ńlá, níbi tí fìríìjì ti ń kùn jẹ́jẹ́. Olùbẹ̀wò Àgbà dìde, ó lọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, ó gbé e wá.

Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí àpótí dé, kọ̀ǹpútà tàn. Orúkọ àwọn ọmọ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀. Ìyá Télọ̀ sún mọ́ tábìlì, lẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ká ní Ọ̀gá Pátápátá panu mọ́ ni! Ká ní ó kàn jókòó jẹ́ẹ́, tó ń nu èéfín ojú rẹ̀! Àmọ́ ẹni tí ojú ti ń wá ohun tí yóò fi bò ó.

"Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣáájú mi!" ló ké. "Ìwé tèmi ni kó kọ́kọ́ jáde, kí Olùbẹ̀wò Àgbà rí bí orúkọ ńlá ṣe ń jáde lára ẹ̀rọ!"

"Bàbá, láti ọjọ́ Ajé ni mo ti wà lórí ìlà," Ìyá Télọ̀ wí.

"Obìnrin yìí ló yẹ kó ṣáájú," Olùbẹ̀wò Àgbà sọ.

"Ìṣẹ́jú kan péré ni, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣí ọ̀nà."

Olùbẹ̀wò Àgbà mú fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́. "Ó dáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá Pátápátá ti gbàgbé pé kì í ṣe òun ló kọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Inú ìwé eruku ni wọ́n ti dà á kọ, ìwé tí agbẹ̀bí kọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i gan-an. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, ìwé jáde. Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbà á lọ́wọ́ méjèèjì, ó dúró ṣánṣán, ó kà á sókè bó ṣe máa ń ka gbogbo nǹkan ọ̀gá rẹ̀: orúkọ, orúkọ bàbá, ọjọ́, oṣù, ọdún.

"...èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀gá wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta lókè eèpẹ̀! Ẹ pàtẹ́wọ́!"

Òun nìkan ló pàtẹ́wọ́.

Olùbẹ̀wò Àgbà ṣí fáìlì tó gbé wá. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lẹ fọwọ́ sí níbí."

"Ẹ̀rọ náà ti jóná lẹ́ẹ̀mejì, mà," Ọ̀gá Pátápátá wí. Òógùn ti bò ó. "Iná ló fi ọdún mẹ́fà kún un."

"Iná kì í fi ọjọ́ orí kún èèyàn, sà," Àǹtí Sukudiráfà wí.

"Ọgọ́ta ọdún la ń fẹ̀yìn tì," Olùbẹ̀wò Àgbà sọ, ó pa fáìlì dé. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó yẹ kí ẹ ti wà nílé. Olú iléeṣẹ́ á ránṣẹ́ pè yín láti wá ṣàlàyé. Igbákejì yín ni kó máa bójú tó ibí láti ìsinsìnyí lọ. Àbí ẹ̀yin ò gbọ́, akọ̀wé?"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà wo ọ̀gá rẹ̀. Ó wo Olùbẹ̀wò Àgbà. Ó tún bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ni, mà," ló wí.

Ọ̀gá Pátápátá mú fìlà rẹ̀, ó ń lọ. Gbogbo ilé ló wà lórí ìjókòó. Kò sí ìkà nínú rẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde ni.

Igbákejì ò sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ kankan. Ó pe Ìyá Télọ̀, ó béèrè orúkọ ọmọ náà, ó tẹ ìwé jáde, ó kọ lẹ́tà méjì péré sí ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìfọwọ́sí. Ìyá Télọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó lè tètè gbẹ.

Ọkọ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ náà wọ̀. Ìrìn wákàtí márùn-ún ni, táyà sì jò lọ́nà. Nígbà tó máa fi dé ojú fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́, aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Obìnrin tó ń gbàwé gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó wo ìwé náà, ó wo ọmọ náà.

"Gbogbo ẹ̀yin ọmọ ayé ìsinsìnyí lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dín ọjọ́ orí. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ síbí?"

"Òótọ́ ni, mà," ọmọ náà fèsì, ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀rọ tó sọ ọ́ ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ó ti lé ọ̀gá wọn lọ sílé lánàá."

Obìnrin náà fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà, ó fi í mọ́ ti àwọn tó ti wọlé. Nígbà tí aago lu méjìlá, ó ti fèrèsé.